Ọ̀pọ̀tọ́ Inú Ìkòkò

Igi eléso tí ìhámọ́ ń ṣe láǹfààní kò wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀tọ́ wà lára wọn: bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti kan ẹ̀gbẹ́ ìkòkò báyìí, tí kò rí ọ̀nà lọ mọ́, ìgbà yẹn gan-an ló ń gbájú mọ́ èso síso. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé fúláàtì ní Peckham tàbí Woolwich ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí gbogbo ilẹ̀ tó ní kò ju bàkóní kan lọ, tàbí kọ́ńkéré pelebe ẹ̀yìnkùlé, kò yẹ kó máa wo ọ̀pọ̀tọ́ tó wà lórí àtẹ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Tọ́kì bí ohun tí ọwọ́ òun ò lè tó láéláé. Ó lè so lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò sí igi tí mo fẹ́ràn tó o, kò sì sí èyí tí àwọn èèyàn ń ṣì tọ́jú tó o, ìdí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kúnná nìyẹn.

Ọ̀pọ̀tọ́ tí mò ń wí ni Ficus carica, èyí tí Bíbélì ti ń dárúkọ láti Jẹ́nẹ́sísì, tí odindi súrà kan nínú Kùránì sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó ní mọ̀lẹ́bí nílẹ̀ wa: ọ̀pọ̀tọ́ inú igbó tí èso rẹ̀ máa ń so wọ̀ǹtìwọnti mọ́ ìtí igi, àti ọdán tí wọ́n ń gbìn síwájú ààfin àti sáàárín ọjà fún ibòji. Oje funfun kan náà ló ń jáde lára gbogbo wọn, gbogbo wọn ló sì ń fi òdòdó pamọ́ sínú èso. Àmọ́ agbègbè Òkun Mẹditaréníà àti Ìwọ̀ Oòrùn Éṣíà ni ilé Ficus carica, níbi tí oòrùn ìgbà ooru ti gùn tó sì gbẹ. Bí òtútù bá dé, á wọ́wé, á sùn. Bí ilẹ̀ bá tún móoru, á jí.

Kì í ṣe àlejò òní ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní Lambeth Palace, ilé àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, tí kò jìnnà sí Camberwell tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, ọ̀pọ̀tọ́ irú White Marseilles wà níbẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé Kádínà Reginald Pole, tó wà lórí oyè náà láti 1556 sí 1558, ló mú un wá láti Ítálì. Ibi tí wọ́n ti ń pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀, kò sídìí láti máa bi ara wa bóyá ìlú náà lè gba ọ̀pọ̀tọ́. Ohun tó kù ni bí yóò ṣe so nínú ìkòkò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí ìhámọ́ fi bá a lára mu. Ní ilẹ̀ tó lọ́ràá tó sì ń rí òjò dáadáa, igi àti ewé ni yóò máa ṣe. Ẹ̀ka á yọ gbọọrọ, ewé á fẹ̀, ojú á rí i á dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ kì í gbó tán kí òtútù tó dé, èso kì í sì í dúró lórí ẹ̀ka tí kò gbó. Àwọn olùtọ́jú ọgbà ní Gẹ̀ẹ́sì ti mọ èyí tipẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ gbin ọ̀pọ̀tọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbẹ́ kòtò tó tó sẹ̀ǹtímítà 60 ní gígùn, ní ìbú àti ní jíjìn, wọ́n á to òkúta pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á da àfọ́kù bíríkì sísàlẹ̀, kí gbòǹgbò má bàa rìn jìnnà. Kòtò yẹn náà ni ìkòkò, a kàn gbé e sórí ilẹ̀ ni.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbọ́. Gbòǹgbò tó wà nílẹ̀ lè lọ wá omi fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹ tì mọ́nú ìkòkò ò lè lọ síbì kankan. Ẹni tó bá dí gbòǹgbò lọ́nà ti gba iṣẹ́ gbòǹgbò ṣe nìyẹn. Omi, oúnjẹ, ààbò lọ́wọ́ yìnyín, gbogbo rẹ̀ ti di ọrùn ẹni tó ni igi, kò sì sí ọjọ́ tí ooru mú tí a lè sọ pé ó di ọ̀la. Ẹni tó bá gba ti ìkòkò láìgba ti omi, ewé gbígbẹ ló máa kó.

Kí ẹ tó ra igi, ẹ béèrè irú tó jẹ́. Òdòdó ọ̀pọ̀tọ́ kì í yọ síta rárá. Ọ̀pọ̀ òdòdó wẹ́wẹ́ ló wà nínú èso, tí wọ́n kọjú síra wọn, ihò bíńtín kan ṣoṣo tó wà ní ìdí èso ló sì wọlé tọ̀ wọ́n. Ní àwọn irú kan, bí agbọ́n tíńtín kan tó ń jẹ́ Blastophaga psenes kò bá gba ihò yẹn wọlé pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú òdòdó láti ara ọ̀pọ̀tọ́ akọ, èso náà á rẹ̀ dànù láìgbó. Ojú àwọn àgbẹ̀ California rí i. Ní àwọn ọdún 1880, wọ́n kó ọ̀pọ̀tọ́ Smyrna wá láti ilẹ̀ Tọ́kì, igi dàgbà, ó tutù yọ̀yọ̀, èso ń já bọ́ lọ́dọọdún. Ọdún 1899 ni agbọ́n náà tó ráyè gbé níbẹ̀, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó yanjú.

Agbọ́n yìí kì í gbé ní Gẹ̀ẹ́sì. Irú tó ń so láìsí i nìkan ló wúlò fún yín. Brown Turkey ni mo máa ń dárúkọ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, torí ó fara da òtútù, ó sì ń so déédéé. Brunswick dára, èso rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ máa ń fẹ́ gbalẹ̀. Violette de Bordeaux kì í ga, inú rẹ̀ pupa, adùn rẹ̀ sì jinlẹ̀. Ẹni tí ibi tó ní kò tó nǹkan, tí oòrùn sì ń pa á dáadáa, kó wá a rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbin hóró inú ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ tí ẹ rà lọ́jà. Á hù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ Tọ́kì ló jẹ́ irú tí agbọ́n wọ̀, nǹkan bí ìdajì igi tó bá ti inú hóró wọn jáde ló máa jẹ́ akọ, èyí tó ṣẹ́ kù á sì máa retí agbọ́n tí kò ní dé. Ẹ̀yin á sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pọnmi sí i.

Ìkòkò àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ tóbi. Èyí tó fi díẹ̀ ju gbòǹgbò lọ ló dára jù. Bí ẹ bá gbé igi kékeré sínú ìkòkò ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ti sọ ọ́ di ẹni tó wà ní oko gbalasa, ewé ló máa kọ́kọ́ fi í ṣe. Ẹ máa sún un síwájú díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi dé ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40 sí 45, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Ìkòkò amọ̀ wúwo, ìjì kì í tètè gbé e ṣubú, àmọ́ omi tètè ń gbẹ nínú rẹ̀. Ike fúyẹ́, ó ń pa omi mọ́, àwọn tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì máa mọ rírì ìfúyẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé e. Èyí ó wù kẹ́ ẹ mú, ihò gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi nǹkan gbé e kúrò nílẹ̀ díẹ̀ kí omi lè máa jáde. Ní ti ilẹ̀, èyí tí iyẹ̀pẹ̀ gidi pọ̀ nínú rẹ̀ ni kí ẹ rà, irú John Innes No. 3, kí ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí perlite lù ú, bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ilẹ̀ tó jẹ́ kìkì ewé jíjẹrà máa ń rọ̀ wọlẹ̀ láàárín ọdún kan, tí afẹ́fẹ́ ò ní lè gba inú rẹ̀ kọjá mọ́.

Ibi tó yẹ kó dúró sí ni ibi tí oòrùn ti ń pa á pẹ́ jù lọ. Ògiri bíríkì tó kọjú sí gúúsù tàbí ìwọ̀ oòrùn ló dáa jù, torí bíríkì máa ń gba ooru lọ́sàn-án, á sì máa tú u jáde lálẹ́. Ibi tí kò bá rí oòrùn tó wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ nígbà ooru, ewé nìkan lẹ máa rí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ló gba àlàyé jù. Láti ìgbà tí ewé bá ti yọ títí di ìgbà ìwọ́wé, ilẹ̀ inú ìkòkò gbọ́dọ̀ máa tutù, kó má sì rẹ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ojoojúmọ́ ni, bí ooru bá sì mú gan-an, ìkòkò kékeré lè fẹ́ ẹ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má kàn wọ́n ọn lórí. Ẹ rọra dà á títí tí yóò fi jáde nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tó àkókò, ẹ ti ìka bọ inú ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí orí ìka bá gbẹ, ó ti tó. Wàhálà kan tún wà tí kì í hàn sójú. Ilẹ̀ tó bá gbẹ jù máa ń sún kì, á fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ àti ìkòkò. Bí ẹ bá wá bu omi sí i, omi á gba ẹ̀gbẹ́ sá jáde nísàlẹ̀, ẹ̀yin á rò pé ó ti mu yó, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò ò rí nǹkan kan. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni kí ẹ gbé odindi ìkòkò sínú ọpọ́n omi fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, kó mu láti ìsàlẹ̀. Igi tí òùngbẹ ń gbẹ lónìí, tí ẹ rin gbingbin lọ́la, tí ẹ tún gbàgbé lọ́túnla, á ju èso rẹ̀ sílẹ̀ ní tútù.

Oúnjẹ kò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú Lúùkù orí 13, olùtọ́jú ọgbà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun walẹ̀ yí ọ̀pọ̀tọ́ tí kò so ká, kí òun fi ajílẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ló ka ìyẹn, tó wá ń bu ìgbẹ́ adìyẹ sínú ìkòkò. Ilẹ̀ gbígbẹ, olókùúta, bíi ti Palẹ́sìtínì, lè gba irú ajílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìkòkò tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, naitirójìn tó pọ̀ nínú ìgbẹ́ adìyẹ á sọ igi náà di ewé ṣá. Ajílẹ̀ olómi tí wọ́n ń tà fún tòmátì, tí pọ́táṣíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, ló yẹ ẹ́: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láti ìgbà tí èso bá ti hàn títí dìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kí ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀.

Mo ti dé ibi tó jẹ mí lógún jù, torí òun ló ń ya ẹni tó ń jẹ ọ̀pọ̀tọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kàn ń wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni igi yìí ń gbìyànjú àtiso lọ́dún. Èso ìgbà àkọ́kọ́ ń jáde lára ẹ̀ka tó yọ lọ́dún tó kọjá, ó sì máa ń hàn gbangba ní nǹkan bí ìgbà tí ewé bá ń yọ. Ẹni tó bá mọ èyí á túbọ̀ lóye ìtàn inú Máàkù orí 11, níbi tí Jésù ti lọ wo igi ọ̀pọ̀tọ́ nítorí ewé tó wà lórí rẹ̀. Èso ìgbà kejì ń jáde lára ẹ̀ka tuntun ti ọdún yẹn gan-an. Ní Ítálì tàbí Tọ́kì, méjèèjì ló ń gbó. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà ooru kúrú, nítorí náà èso kejì kì í sábà rí àyè gbó níta gbangba. Èyí tí ẹ máa jẹ ni ti àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé ohun tí ẹ máa jẹ ní oṣù Kẹjọ ọdún tó ń bọ̀ ti wà lórí igi láti ìgbà ìwọ́wé ọdún yìí.

Ẹ lọ wò ó ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí ewé bá ti wọ́ tán. Ẹ mú ẹ̀ka kan lọ́wọ́, kí ẹ wo ibi tó kẹ́yìn, bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 láti orí rẹ̀ wá. Ẹ máa rí àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí ewé ti já. Àwọn kan ṣe ṣóńṣó lórí: ewé ló máa tinú wọn jáde. Àwọn kan rí roboto, wọn kò ju hóró ẹ̀wà lọ: àwọn yẹn ni èso ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ má sì jẹ́ kí àlùmọ́gàjí kàn wọ́n. Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀ka kan náà. Ẹ máa rí àwọn tó ti tó àtàǹpàkò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n le, tí wọn ò gbó. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń dá èèyàn lọ́kàn, torí ó dà bíi pé wọ́n ti fẹ́ẹ̀ débẹ̀. Wọn ò ní débẹ̀. Òtútù á pa wọ́n, wọ́n á jẹrà mọ́ ẹ̀ka, agbára tó yẹ kí igi fi tọ́jú àwọn kékeré á sì bá wọn lọ. Ẹ já gbogbo wọn. Mo mọ ẹni tí àánú wọn ń ṣe, tó ń fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọọdún, tó sì ń sọ pé igi òun yàgàn.

Òye yìí kan náà ló ń sọ bí a ó ṣe rẹ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gé gbogbo orí ẹ̀ka kúkúrú nígbà òtútù ti gé oúnjẹ ọdún kan dànù. Nígbà tí òtútù bá ń lọ, ẹ̀ka tó kú, tó gba ara wọn kọjá, tàbí tó há àárín igi mọ́ nìkan ni kí ẹ yọ. Ní oṣù Kẹfà, bí ẹ̀ka tuntun bá ti ní ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ fi èékánná já ọ̀mùnú orí rẹ̀. Á pẹ̀ka, orí àwọn ẹ̀ka tó bá pẹ̀ yẹn ni àwọn roboto wẹ́wẹ́ á sì jókòó sí kí ọdún tó parí. Bí ẹ bá jẹ́ kó kọjá oṣù Kẹfà, àyè á há fún un. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn. Oje funfun rẹ̀ ní èròjà kan tó máa ń mú kí oòrùn jó awọ ara. Lọ́jọ́ kejì ibi tó kàn lè pọ́n kó sì léròrò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé máa fi ewé rẹ̀ ṣeré lọ́sàn-án gangan.

Igi tó bá ti dàgbà ń fara da òtútù tó lọ sí ìsàlẹ̀ òdo dáadáa. Gbòǹgbò inú ìkòkò kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, torí kò sí ilẹ̀ jíjìn tó máa bò ó. Ẹ ká ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù ẹlẹgẹ́, mọ́ ìkòkò. Àpò ìrẹsì tí ẹ ki koríko gbígbẹ sí ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà fún ohun ọ̀gbìn bo orí ẹ̀ka lóru tí yìnyín bá le, nítorí àwọn èso wẹ́wẹ́ yẹn. Ẹni tó ní gáréèjì tí kò ní ẹ̀rọ amúlégbóná lè gbé e síbẹ̀. Ó ń sùn, kò nílò ìmọ́lẹ̀, omi díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó fún un. Kó má wọ pálọ̀ o. Ooru ilé á jí i láìtọ́jọ́.

Lẹ́yìn ọdún méjì-méjì, kó tó jí, ẹ yọ ọ́ jáde, ẹ gé díẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò tó ti lọ́ yípo, ẹ yí ilẹ̀ rẹ̀ padà, kí ẹ dá a padà sínú ìkòkò kan náà.

Àwọn ẹ̀ka tí ẹ bá rẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹni tó bá ti gbin ẹ̀gẹ́ rí ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: ẹ gé ẹ̀ka tó gbó ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ẹ rì í sínú ilẹ̀ rírọ̀ títí ojú kan tàbí méjì á fi ṣẹ́ kù lókè, á ta gbòǹgbò. Igi tó bá jáde á rí bí ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ lórí. Ní 2006, àwọn onímọ̀ kan kọ nínú ìwé ìròyìn Science nípa ọ̀pọ̀tọ́ tó ti di èédú tí wọ́n rí ní Gilgal, ní àfonífojì Jọ́dánì, tó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 11,400. Irú tó ń so láìsí agbọ́n ni. Wọ́n ní irú igi bẹ́ẹ̀ kò lè dá tan ara rẹ̀ kálẹ̀, pé àfi kí èèyàn gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn, àti pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti máa gbìn ín ṣáájú ọkà.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín ní Ìbàdàn tàbí Èkó bọ́ lọ́wọ́ yìnyín, òjò ló máa bá jà. Òjò tó bá bá èso nígbà tó ń rọ̀ á là á, á kan. Ọ̀rinrin tó pọ̀ a sì máa mú àmì pupa rúsúrúsú jáde lẹ́yìn ewé títí ewé á fi rẹ̀. Ìkòkò tún ṣàǹfààní níbẹ̀: ẹ lè gbé e sábẹ́ òrùlé lásìkò òjò.

Ọ̀pọ̀tọ́ tí ẹ bá já ní tútù kò ní pọ́n nílé. Ẹ fi sílẹ̀ títí ọrùn rẹ̀ á fi tẹ̀, tí yóò so rọ̀ bọ̀lọ̀jọ̀, tí awọ rẹ̀ á là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí omi dídùn bí ìkán kan á sì yọ ní ihò ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá já a tí oje funfun jáde lọ́rùn rẹ̀, ẹ ti kánjú. Ẹyẹ, agbọ́n lásán àti ọ̀kẹ́rẹ́ mọ ọjọ́ tó máa rọ̀, nítorí náà kí àwọ̀n ti wà lórí igi ṣáájú. Ọjọ́ tí ẹ bá já a ni kí ẹ jẹ ẹ́, kì í tọ́jọ́. Àwọn líle tí ẹ bá sì já ní oṣù Kọkànlá wúlò náà: ní Gíríìsì àti Tọ́kì, wọ́n máa ń sè wọ́n, wọ́n á da omi rẹ̀ nù, wọ́n á tún sè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta títí oje á fi kúrò lára wọn, wọ́n á wá sè wọ́n jinná nínú omi ṣúgà pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n á kó wọn sínú ìgò.